Òfin Kọkànlélógójì

Onígbálẹ̀ ni wọ́n ń pè mí níbi iṣẹ́. Kì í ṣe pé mò ń gbálẹ̀ o. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni mò ń tọ́jú, àmọ́ mi ò lè rí pàǹtí kí n mójú kúrò. Tí mo bá ṣí kọ̀ǹpútà láàárọ̀ tí mo rí nǹkan tí kò wúlò mọ́ níbẹ̀, ara á máa yún mi ni, títí màá fi pa á rẹ́. Bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn. Nígbà tí ìyá mi wà láyé, wọ́n máa ń sọ pé tí wọ́n bá fi èmi nìkan sílẹ̀ nínú ilé lọ́jọ́ kan ṣoṣo, màá gbá bàbá mi mọ́ ìdọ̀tí dà nù. Gbogbo wa máa ń fi rẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé iṣẹ́ náà, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé èdè oníṣẹ́ ni mo fẹ́ fi bo ẹ̀bi mi mọ́lẹ̀. Yàrá tútù kan wà nísàlẹ̀ ilé-iṣẹ́ wa, ẹ̀rọ kún inú rẹ̀ láti ilẹ̀ dé àjà. Àwọn ilé-iṣẹ́ tí kò ní ẹ̀rọ tiwọn ń lo tiwa láti ọ̀nà jíjìn. Kíláòdù ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ìkùukùu. Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ yẹn ò bá wa gbé ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ náà gba orí àtẹ̀gùn rí. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní àdírẹ́sì tirẹ̀ nínú ilé, àmọ́ àwọn ará ìta ò mọ àdírẹ́sì yẹn. Ẹ̀rọ kan ló dúró lẹ́nu ọ̀nà bí aṣọ́nà. Tí ìpè bá ti ìta wá, aṣọ́nà á wo ìwé òfin rẹ̀: ẹni tó bá béèrè lágbájá, mú un lọ sọ́dọ̀ tàmẹ̀dù. Á yí àdírẹ́sì ìta padà sí ti inú, á kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn méjì yìí ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, wọ́n á sì máa bá ọ̀rọ̀ wọn lọ. Tí wọ́n bá wá dákẹ́ pẹ́ jù, aṣọ́nà á gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí, á pa orúkọ wọn rẹ́ kó lè rí àyè fún ẹlòmíì. Bó ṣe máa pẹ́ tó kó tó pa wọ́n rẹ́, àwa la máa ń sọ fún un, lórí òfin kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ẹjọ́ mi, orí nọ́ńbà yẹn ló wà.

Ọ̀gá mi ló kọ èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn òfin náà kí n tó dé. Àwọn ló kọ́ mi níṣẹ́. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, tí a jọ ń lo fáànù kan tó ń kọjú sí ọ̀dọ̀ wọn ju ọ̀dọ̀ mi lọ. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n. Wọn kì í pariwo, wọn kì í kánjú, ìyẹn sì máa ń bí mi nínú torí èmi ò ní sùúrù. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ òfin kọ̀ọ̀kan, àyè kékeré kan wà tí ẹni tó kọ òfin gbọ́dọ̀ kọ ìdí rẹ̀ sí. Tèmi máa ń gùn bí ìwé ẹjọ́: ta ló béèrè, kí ló fẹ́ fi ṣe, ọjọ́ wo ló máa tán. Ọ̀gá ní tiwọn, gbólóhùn kan ṣoṣo ni wọ́n mọ̀: Fi í sílẹ̀. Ó lé ní ọgbọ̀n òfin tí wọ́n so ìyẹn mọ́ lọ́rùn. Bá a ṣe ń pè wọ́n ní Bàbá Fi-í-sílẹ̀ nìyẹn, lẹ́yìn wọn lákọ̀ọ́kọ́, nígbà tó yá, lójú wọn náà. Tí mo bá bi wọ́n pé kí nìdí, wọ́n á na ìka sí iwájú orí wọn, wọ́n á ní gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Mo ní, Ọ̀gá, tẹ́ ẹ bá wá gbé orí yẹn lọ sílé ńkọ́? Wọ́n ní kí n wá bá àwọn nílé.

Tó bá kan àpárá, ìyàwó wọn tún jù wọ́n lọ. Orogún ni wọ́n máa ń pè mí. Tí agogo mẹ́fà bá ti lù tí Ọ̀gá ò tíì wálé, fóònù orí tábìlì mi á dún, màmá á ní, "Orogún mi, ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ jẹ́ kí ọkọ wa máa bọ̀ nílé, èmi ni ìyáálé." Màá ní kí ìyáálé má bínú, mò ń tì wọ́n jáde báyìí. Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, tí ìyá mi ò sí láyé mọ́, màmá ló wá dúró tì mí fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Wọ́n ń wẹ ọmọ, wọ́n ń fọ aṣọ, wọ́n tún ń bá mi jà pé mò ń fi ojú oorun wo kọ̀ǹpútà. Mi ò ní ọ̀nà tí mo lè gbà san oore yẹn. Ọ̀nà tí mo padà gbà san án, ẹ máa gbọ́ ọ.

Nígbà tí Ọ̀gá fẹ́ fẹ̀yìn tì, ilé-iṣẹ́ ní kí wọ́n fi òfin kọ̀ọ̀kan hàn mí kí wọ́n tó lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fún wa. Òfin kan á gba Ọ̀gá ní wákàtí kan, torí wọ́n á sọ ìtàn ẹni tó béèrè rẹ̀, wọ́n á sọ irú ènìyàn tí onítọ̀hún jẹ́. Ó sú mi. Nígbà tí a dé orí ìkọkànlélógójì, wọ́n gbé gíláàsì ojú wọn sókè, wọ́n ní, "Èyí, àwọn agbọ́pè ló ni ín. Àwọn àpótí wọn máa ń..." Mo já lu ọ̀rọ̀ náà. Mo ní, "Mo ti mọ̀ ọ́n, Ọ̀gá: fi í sílẹ̀." Gbogbo ọ́fíìsì bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn, a sì kọjá sí ìkejìlélógójì.

Ọdún kejì tí wọ́n fẹ̀yìn tì ni ọkàn màmá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Dókítà ní wọn ò gbọ́dọ̀ dá wà láìní ohun tí wọ́n lè fi ké sí ènìyàn. Ọ̀gá bá lọ forúkọ wọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn agbọ́pè yẹn, ilé-iṣẹ́ tó ń gba ìpè àwọn aláìsàn. Wọ́n gbé àpótí kékeré kan sí pálọ̀, wọ́n sì fi bọ́tìnnì pupa kan kọ́ màmá lọ́rùn. Tí ara bá ń ni wọ́n, kí wọ́n ṣáà tẹ̀ ẹ́. Àpótí á gbé ìpè náà lọ sọ́dọ̀ agbọ́pè, agbọ́pè á bá wọn sọ̀rọ̀ láti inú àpótí, á sì rán áńbúláǹsì sí wọn. Orí ẹ̀rọ tiwa ni gbogbo rẹ̀ ń gbà. Ọ̀gá pè mí lórí fóònù láti sọ ọ́ fún mi, inú wọn dùn. Wọ́n ní ọ̀nà tí àwọn fọwọ́ ara àwọn là ló ń ṣọ́ ìyàwó àwọn báyìí. Oúnjẹ wà lẹ́nu mi. Mo ní ó mà dáa o, Ọ̀gá, mo sì ń bá oúnjẹ mi lọ.

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni ìwé aṣọ́nà wa bẹ̀rẹ̀ sí í kún. Oníbàárà wa kan ní ẹ̀rọ tó máa ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún, tí kì í sì í dágbére. Á kàn dákẹ́ ni. Tí ìwé bá ti kún, ẹni tuntun tó bá dé, aṣọ́nà á dá a padà. Fóònù ò jẹ́ ká gbádùn, gbogbo ènìyàn ń bínú. Ojútùú rẹ̀ ò le rárá: kí a dín sùúrù aṣọ́nà kù. Mo sọ gbogbo òfin di ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹni tó bá dákẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó pa á rẹ́. Ìlànà wa ni pé òfin tó bá ní ìdí lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí a pe ẹni tó ni ín kí a tó fọwọ́ kàn án. Èyí tí kò bá ní ìdí, kò ní agbẹjọ́rò, ohun tó bá wù wá la lè fi ṣe. "Fi í sílẹ̀" kì í ṣe ìdí. Ìkọkànlélógójì wà lára wọn, wákàtí méjì ni Ọ̀gá fún un. Mo rántí pé mo pòṣé. Mo ní ta ló ń dákẹ́ fún wákàtí méjì tí kò tíì kú.

Àwọn àpótí yẹn ni. Ẹ̀rọ àtijọ́ ni wọ́n, ẹ̀ẹ̀kan láàárín wákàtí kan àbọ̀ ni wọ́n máa ń sọ pé àwọn wà. Ní báyìí, tí ìṣẹ́jú márùn-ún bá ti kọjá, aṣọ́nà ti gbàgbé wọn, wọn ò sì mọ̀ pé ó ti gbàgbé àwọn. Tí ẹnì kan bá tẹ bọ́tìnnì, ọ̀rọ̀ náà á dé ẹnu ọ̀nà, aṣọ́nà á wò ó bí ẹni tí kò rí rí, á dà á nù láìfọhùn. Àpótí á tún un rán. Á tún un rán. Ìgbà tó bá sú u pátápátá ló máa tó bẹ̀rẹ̀ ìpè tuntun láti ìbẹ̀rẹ̀, ìyẹn ló sì máa ń wọlé. Ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún ló máa ń gbà kó tó sú u. Mi ò mọ gbogbo èyí lọ́jọ́ tí mo yí i. Lójú tèmi, ìwé aṣọ́nà fúyẹ́, ariwo rọlẹ̀, gbogbo iná ojú kọ̀ǹpútà ń tàn bí ewé tútù. Olùdarí wa yìn mí níwájú gbogbo ènìyàn, orí mi wú.

Ọjọ́ kọkànlá rẹ̀ bọ́ sí Ọjọ́bọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, Ọ̀gá jáde lọ sọ́dọ̀ aránbàtà ní òpópónà kejì, wọ́n fẹ́ gba sálúbàtà màmá tí okùn rẹ̀ já. Nígbà tí wọ́n fi máa padà, áńbúláǹsì wà lẹ́nu ọ̀nà, àwọn olùtọ́jú méjì ń ti inú ilé bọ̀ láìsáré. Ọ̀gá sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ìrìn àwọn méjì yẹn ló sọ ọ́ fún àwọn kí ẹnikẹ́ni tó lanu. Ilẹ̀ ilé ìdáná ni wọ́n ti bá màmá, ọwọ́ wọn ṣì di bọ́tìnnì náà mú.

Mo sunkún ìyáálé mi bí ẹni sunkún ìyá rẹ̀. Mo lọ sílé wọn, mo jókòó ti Ọ̀gá, mo di ọwọ́ wọn mú, mo sọ fún wọn pé Ọlọ́run ló mọ ìdí. Mo sọ bẹ́ẹ̀ o, èmi yìí, pẹ̀lú ẹnu mi. Mo fọ abọ́ tó wà nílẹ̀, mo nu ibi tí màmá ṣubú sí. Iná kékeré ara àpótí ń tàn ní igun pálọ̀, mi ò tilẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn, Ọ̀gá wá sí ọ́fíìsì. Ààrọ̀ ni, àwọn tó kù ti lọ ìpàdé. Wọ́n jókòó sí àga wọn àtijọ́, wọ́n yí fáànù náà sọ́dọ̀ mi, ohun tí wọn ò ṣe rí láti ọdún mẹ́sàn-án. Wọ́n wá fi ìwé pélébé kan síwájú mi. Àkókò méjì ni wọ́n fi bírò kọ síbẹ̀. Àpótí pálọ̀ máa ń pa ìgbà tí wọ́n tẹ bọ́tìnnì mọ́ sínú, Ọ̀gá sì ti tú u wò: agogo mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́fà. Àwọn agbọ́pè ní ìpè wọlé sọ́dọ̀ àwọn ní agogo mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàlélógún. Dókítà ò fẹ́ sọ̀rọ̀, àmọ́ nígbà tí Ọ̀gá rọ̀ ọ́, ó ní ká ní wọ́n tètè dé ni, bóyá.

"Mẹ́tàdínlógún," ni Ọ̀gá wí. "Ìwọ náà mọ ohun tó ń fa mẹ́tàdínlógún."

Mo ṣírò rẹ̀ lọ́kàn, mo sì mọ̀ ọ́n. Ọ̀gá ò wojú mi, wọ́n ń wo ọwọ́ ara wọn. Wọ́n ní orí àwọn ò dá ṣáṣá mọ́ láti ọdún tó kọjá. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn ti gbàgbé gáàsì sórí iná, tí màmá pa á tí kò sì bá àwọn wí. Wákàtí méjì ni àwọn fẹ́ kọ sí ìkọkànlélógójì, àmọ́ ní ọ̀sẹ̀ tí àwọn ń lọ, àwọn tún ọ̀pọ̀ nǹkan ṣe, bóyá àwọn ṣì í kọ. Wọn ò sùn láti ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n ní kí n bá àwọn wò ó.

Mo ṣí i. Kọ̀ǹpútà kọjú sí mi, ó kẹ̀yìn sí wọn. Ìṣẹ́jú márùn-ún. Lábẹ́ rẹ̀ ni àkọsílẹ̀ ẹni tó yí i wà: ọjọ́, wákàtí, orúkọ mi.

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Ìṣẹ́jú márùn-ún ni, Ọ̀gá."

Òótọ́ ni mo sọ. Mo mọ ibi tí òótọ́ yẹn ń gbé wọn lọ, mo sì dákẹ́ síbẹ̀. Irọ́ sàn jù ú lọ.

Wọ́n mi orí síwá sẹ́yìn. "Mo mọ̀," ni wọ́n wí. "Èmi ni mo pa á." Jẹ́jẹ́ ni wọ́n sọ ọ́, bí wọ́n ṣe ń sọ gbogbo nǹkan. Wọ́n ká ìwé pélébé náà padà sápò, wọ́n dìde, wọ́n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo bá àwọn wò ó. Mo sìn wọ́n dé ẹnu àtẹ̀gùn. Mo ní kí wọ́n rọra.

Bí wọ́n ṣe lọ, mo dá òfin náà padà sí wákàtí méjì, mo ṣì í kọ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó kọ ọ́ bó ṣe yẹ. Mo wá tú àkọsílẹ̀ wò láti ọjọ́ tí mo ti yí i. Ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án ni àwọn ènìyàn tẹ bọ́tìnnì, ìpè méje ló sì pẹ́. Mẹ́fà nínú wọn, ọwọ́ ló ṣèèṣì kàn án; èkeje ni ti màmá. Mo pe obìnrin agbọ́pè kan tí mo mọ̀, mo fọgbọ́n bi í léèrè. Ó ní òun rántí bàbá arúgbó kan lẹ́nu àìpẹ́ yìí, tó ń sọ pé ó ti pẹ́ tí òun ti tẹ nǹkan yìí, òun tilẹ̀ ti gbàgbé. Ó ní òun fi bàbá náà ṣe yẹ̀yẹ́ pé àgbà ti ń dé. Ó rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo pa fóònù.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ṣe agbẹjọ́rò fún ara mi. Mo ní ó ti ṣẹlẹ̀, ó ti ṣẹlẹ̀ náà nìyẹn, kò sẹ́ni tó máa jí màmá dìde. Mo ní ọmọ méjì ni mo ní, iṣẹ́ yìí ni mo fi ń tọ́ wọn. Mo tilẹ̀ bínú sí Ọ̀gá. Mo ní ta ló ní kí wọ́n má kọ ìdí, ta ló ń fi gbogbo ayé sínú orí tó ń jò. Mo bínú débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á gbọ́. Àmọ́ tí mo bá ti jókòó síbi oúnjẹ, ohùn ìyáálé mi á ní kí n jẹ́ kí ọkọ àwọn máa bọ̀ nílé. Àwọn àgbà ní àbámọ̀ ló ń gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Wọn ò sọ fún wa pé ó máa ń báni jókòó sídìí oúnjẹ. Ọkọ mi béèrè títí ohun tó ń ṣe mí, mo ní orí ń fọ́ mi.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, mo tẹ àkọsílẹ̀ ẹni tó yí òfin náà sórí ìwé, mo mú un lọ sílé Ọ̀gá. Gbogbo ọ̀nà ni mo fi wéwèé bí màá ṣe sọ ọ́. Wọ́n ṣílẹ̀kùn fún mi, mo wọlé, gbogbo ohun tí mo wéwèé sì fò lọ.

Ìwé ni wọ́n lẹ̀ mọ́ gbogbo nǹkan nínú ilé. Èyí tó wà lára gáàsì sọ pé: Pa á tóo bá sè tán. Ìdí: o ti gbàgbé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn: Kọ́kọ́rọ́ wà lára ìṣó. Ìdí: o kì í rí i. Ti ara ìgò oògùn wọn: Ọ̀kan láàárọ̀, kì í ṣe méjì. Ìdí: dókítà ló sọ ọ́, má lo ọgbọ́n orí rẹ. Bàbá Fi-í-sílẹ̀ ló kọ gbogbo èyí, pẹ̀lú lẹ́tà gàdàgbà, pẹ̀lú ìdí. Lórí àga màmá, sálúbàtà wà nínú ọ̀rá aránbàtà, wọn ò tíì tú u. Ìwé kan wà lára àpótí igun pálọ̀ náà. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni: Ìwọ lo ṣe èyí.

Mi ò jókòó. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ̀yin kọ́. Wákàtí méjì lẹ kọ, ẹ ò ṣì í kọ. Èmi ni mo yí i. Ẹ wò ó, orúkọ mi nìyí."

Wọ́n wá gíláàsì ojú wọn. Ó pẹ́ kí wọ́n tó rí i, mi ò lè bá wọn wá a. Wọ́n ka ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe kọ́ mi láti máa ka àkọsílẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé orí orúkọ mi, ìka wọn dúró. Mò ń sunkún nígbà yẹn, mò ń sọ pé kí wọ́n dárí jì mí, mò ń sọ pé mi ò mọ̀. Wọ́n tẹ́ ìwé náà sórí itan wọn.

"Ti òfin yẹn," ni wọ́n wí, "èmi náà jẹ̀bi níbẹ̀. Mi ò kọ ìdí. O bi mí léèrè fún ọdún mẹ́sàn-án." Wọ́n yọ gíláàsì ojú. "Àmọ́ o rí mi lọ́jọ́ yẹn. O ti rí orúkọ rẹ níbẹ̀, o wò mí, o sì jẹ́ kí n gbé e lọ sílé."

Mo fi ọwọ́ nu ojú mi.

"Ọjọ́ mẹ́ta," ni wọ́n tún wí.

Wọ́n dìde, wọ́n lọ síbi àpótí igun pálọ̀, wọ́n já ìwé ara rẹ̀ kúrò. Wọ́n já ti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Wọ́n wọ ilé ìdáná, mo gbọ́ tí wọ́n ń já ti ara gáàsì náà. Ọ̀kan nínú àwọn ìwé yẹn fò wá sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ṣà á, torí ọwọ́ mi ò mọ nǹkan mìíì í ṣe.

"Fi í sílẹ̀," ni Ọ̀gá wí láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Kò sí ẹ̀rín nínú rẹ̀. Mo fi í sílẹ̀, mo sì jáde.

Lọ́jọ́ kejì mo kọ gbogbo rẹ̀ fún olùdarí wa, mi ò bo ọ̀kan mọ́lẹ̀. Wọn ò lé mi. Wọ́n fún mi ní ìwé ìkìlọ̀, wọ́n ṣe é lófin pé èmi nìkan ò gbọ́dọ̀ dá yí nǹkan kan padà mọ́, àfi tí ẹlòmíì bá fọwọ́ sí i. Àwọn agbọ́pè kọ ìwé sí ìdílé gbogbo àwọn tó ń lo bọ́tìnnì. Obìnrin tó fi bàbá arúgbó ṣe yẹ̀yẹ́ yẹn lọ bẹ bàbá náà nílé. Ó yà mí lẹ́nu pé inú mi ò dùn pé wọn ò lé mi. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkọkànlélógójì, mo kọ ìdí rẹ̀: Àwọn àpótí yìí máa ń dákẹ́ fún wákàtí kan àbọ̀. Ènìyàn wà lẹ́yìn wọn. Ẹni méjì ló fọwọ́ sí i.

Oṣù kẹjọ rèé. Mo ti pe Ọ̀gá títí, wọn kì í gbé e. Mo lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ wọn nínú ilé, wọn ò ṣílẹ̀kùn. Mo wá jáwọ́, torí mo ti yọ wọ́n lẹ́nu tó láyé. Àmọ́ wọn ò dá àpótí náà padà. Wọ́n fi orúkọ ara wọn rọ́pò ti màmá, wọ́n sì gbé bọ́tìnnì pupa yẹn kọ́ ọrùn ara wọn. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kọ̀ọ̀kan, nígbà tí agogo mẹ́wàá bá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́fà, wọ́n máa ń tẹ̀ ẹ́.

Lóṣù àkọ́kọ́, àyà obìnrin agbọ́pè já. Ó ní, Bàbá, ṣé kò sí nǹkan o? Wọ́n ní kò sí. Wọ́n ní àwọn kàn fẹ́ mọ iye ìṣẹ́jú àáyá tó gbà kó tó wọlé. Kò yé obìnrin náà, iṣẹ́ tirẹ̀ kọ́ nìyẹn, ló bá pè mí lórí fóònù kejì pé bàbá kan ń béèrè ọ̀rọ̀ kan. Láti ìgbà yẹn ló ti mọ̀ pé èmi ló máa pè. Mo máa ń jókòó ti kọ̀ǹpútà kí àkókò náà tó pé, màá ti ṣí ìkọkànlélógójì sílẹ̀, màá máa wò ó.

Ìpè náà wọlé láàárọ̀ yìí. Obìnrin náà pè mí, mo sọ iye rẹ̀ fún un. Ó béèrè bóyá kí òun bá mi kí bàbá. Mo ní rárá o, kó ṣáà sọ iye rẹ̀ fún wọn. Kò pa fóònù mi, mo sì gbọ́ bó ṣe ń sọ ọ́ sínú àpótí pé ìṣẹ́jú àáyá kan ni.

"Ọ̀kan," ni Ọ̀gá wí, jẹ́jẹ́. Wọ́n wá pa á.